Ìwé Nnedi Okorafor: èwo ló ti jáde, èwo ló ń bọ̀, èwo ló ṣì wà lẹ́nu?

Owó ara mi ni mo fi kọ́ ọgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí. Mo ní Akata Witch nílé, mo ti kà á tán, mo sì fẹ́ràn ẹ̀ gan-an. Lọ́jọ́ kan mo yà síbi tí wọ́n ti ń ta ìwé, mo wá rí ìwé Nnedi Okorafor kan tí mi ò rí rí, What Sunny Saw in the Flames, kọ́fà ẹ̀ yàtọ̀, àkọlé ẹ̀ yàtọ̀, mo ní ha, èyí ti jáde mi ò gbọ́, mo sanwó, mo gbé e délé. Mo ṣí i báyìí, iná ti lọ, ọmọbìnrin kan jókòó ti àbẹ́là, ó tẹjú mọ́ iná àbẹ́là yẹn, ó sì rí òpin ayé nínú ẹ̀. Mo dúró ná. Mo padà síbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Ṣebí mo mọ ọmọ yìí, mo mọ àbẹ́là yìí! Ìwé kan ṣoṣo ni mo rà lẹ́ẹ̀mejì.

Mi ò lè bá ẹni tó tà á fún mi jà, kò purọ́ fún mi. Bí ọ̀rọ̀ ìwé obìnrin yìí ṣe rí nìyẹn. Tí ẹ bá wọ íntánẹ́ẹ̀tì pé kẹ́ ẹ kàn wo ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, ẹ máa rí i pé ó ní ìwé tuntun, pé ìwé àtijọ́ ẹ̀ kan tún jáde, pé HBO, ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Amẹ́ríkà, fẹ́ fi ìwé ẹ̀ ṣe fíìmù, pé Hulu náà fẹ́ ṣe, pé ó ń kọ kọ́míìkì Black Panther, gbogbo ẹ̀ á wá lọ́ mọ́ra wọn bíi wáyà ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n, ẹni tí ò bá mọ̀ á rò pé nǹkan mẹ́wàá ló ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Wọ́n ti bi mí títí, "ẹ̀gbọ́n, fíìmù yẹn dà?", ni mo ṣe ní kí n jókòó kí n tú u palẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Fún ẹni tí ò mọ̀ ọ́n: ọmọ Igbo ni, Cincinnati ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1974. Àwọn òbí ẹ̀ ló lọ kàwé lọ́hùn-ún, ogun Biafra ò wá jẹ́ kí wọ́n lè padà wálé mọ́. Tẹ́níìsì ló ń gbá tẹ́lẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n gbá dáadáa, àfi ìgbà tó di ọmọ ọdún 19 tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ ọ̀pá ẹ̀yìn fún un, tó jí, tí ẹsẹ̀ ò gbé mọ́. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù yẹn ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ìtàn. Ó padà rìn o, ó sì kọ ọ̀rọ̀ náà sínú ìwé kékeré kan, Broken Places & Outer Spaces, tó jáde ní 2019. Ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí sọ́kàn, mo ń bọ̀ lórí ẹ̀.

Sáì-fáì ló ń kọ, ìtàn ọjọ́ iwájú, róbọ́ọ̀tì, ẹ̀dá tó wá láti ojú òfúrufú, ṣùgbọ́n egúngún á jáde níbẹ̀, òòṣà á sọ̀rọ̀, nítorí pé lójú tiẹ̀ àwọn nǹkan yẹn ò bá ẹ̀rọ jà. Òun fúnra ẹ̀ ló fún irú èyí tó ń kọ lórúkọ, Africanfuturism, ó sì ṣàlàyé ẹ̀ ní 2019 torí pé ó ti sú u kí wọ́n máa pe tiẹ̀ ní Afrofuturism. Ìyàtọ̀ ẹ̀ ò le. Èkejì yẹn, ọ̀rọ̀ àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà ló wà láàárín ẹ̀. Tiẹ̀, Áfíríkà nilé, ibẹ̀ ni ìtàn ti ń jáde lọ, ibẹ̀ ló ń padà sí, kì í ṣe pé èèyàn dúró sí òkèèrè ó ń wò ó. Ẹ má fi orúkọ kan pe èkejì lójú ẹ̀ ṣá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ohun tó jẹ mí lówó.

Akata Witch jáde ní Amẹ́ríkà ní 2011. Ìgbà tí Cassava Republic, àwọn atẹ̀wé Abuja, máa gbé e jáde fún wa níbí, What Sunny Saw in the Flames ni wọ́n pè é. Ẹ wo àkọlé àkọ́kọ́ yẹn fúnra yín. "Akátá" tí àwọn èèyàn wa fi ń pe aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, èébú ni, kò sẹ́ni tí ò mọ̀, wọ́n wá tún fi àjẹ́ tì í. Ẹ gbé ìwé ọmọdé tí wọ́n kọ àjẹ́ gàdàgbà sí níwájú fún màmá kan ní Ìbàdàn tó ń bọ̀ láti ìsọ́ òru, pé kó rà á fún ọmọ ẹ̀, ẹ wá wo ojú tó máa fi wò yín. Ìwé kejì, Akata Warrior, 2017, àwọn Cassava Republic pe ìyẹn náà ní Sunny and the Mysteries of Osisi. Ìkẹta ni Akata Woman, ó jáde ní 2022. Tí ẹ bá wá rí The Nsibidi Scripts níbì kan, ìyẹn kì í ṣe ìwé kẹrin o, orúkọ gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lápapọ̀ ni.

Kí ló dé tí ìwé kan á fi ní orúkọ méjì? Torí pé òǹkọ̀wé kì í sábà ta ìwé ẹ̀ lódindi fún ẹnì kan. Bí ẹni tó gé ilẹ̀ bàbá ẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì ni, ó ta púlọ́ọ̀tì Amẹ́ríkà fún ilé iṣẹ́ kan, ó ta ti Ìlú Ọba fún òmíràn, ó ta ti Nàìjíríà fún ẹlòmíì. Ẹni tó bá ra púlọ́ọ̀tì ló mọ irú ilé tó máa kọ́ síbẹ̀, ọ̀dà tó máa kùn ún àti ìgbà tó máa ṣílé. Ìyẹn ni kọ́fà ṣe ń yàtọ̀, tí àkọlé máa ń yàtọ̀ nígbà míì, tí ọjọ́ tí ìwé jáde náà kì í dọ́gba. Lagoon jáde ní Ìlú Ọba ní 2014, àwọn Amẹ́ríkà ò rí tiwọn àfi 2015, ẹ máa wá rí àwọn méjì tí wọ́n ń jiyàn lórí ọdún tí ìwé náà jáde, àwọn méjèèjì ló sì tọ̀nà.

Mi ò lè dárúkọ Lagoon kí n kàn kọjá. Èkó ni ìtàn yẹn wà. Àwọn ẹ̀dá òfúrufú já bọ́ sínú omi létí Bar Beach, wọn ò lọ sí New York bí wọ́n ṣe máa ń lọ nínú fíìmù, Èkó ni wọ́n yàn, èyí tí wọ́n sì rán jáde nínú omi pé kó wá bá ọmọ aráyé sọ̀rọ̀, Ayọ̀délé lorúkọ tó ń jẹ́. Ọmọ Igbo tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà kọ ìwé, ó wá sọ ẹ̀dá òfúrufú ní Ayọ̀délé! Fíìmù kan tó jáde ní 2009, District 9, ló bí i nínú, torí bí wọ́n ṣe ya àwọn ọmọ Nàìjíríà síbẹ̀ bí ẹhànnà, ibi ìbínú yẹn ni ìwé náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa rí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ níbẹ̀, ẹ máa rí àwọn Yahoo, ẹ máa rí pásítọ̀, ọ̀nà mọ́tò gan-an dìde ó ń jẹ èèyàn. Ẹni tó bá ti wakọ̀ gba ọ̀nà Èkó sí Benin rí ò ní pe ìyẹn ní àròsọ.

Ohun kejì tó máa ń da orí rú ni ìwé àtijọ́ tó tún padà wá. The Shadow Speaker ti wà látọdún 2007, tí ẹ bá rí ẹ̀dà ìgbà yẹn, Nnedi Okorafor-Mbachu ló wà lára ẹ̀, ẹnì kan náà ni. Ní 2023, DAW, àwọn atẹ̀wé Amẹ́ríkà, gbé e jáde lọ́tun, ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn ni wọ́n wá mú Like Thunder tẹ̀lé e, ìyẹn ni apá kejì. Ọdún mẹ́rìndínlógún láàárín apá kìíní àti apá kejì! Ọmọ tó ka àkọ́kọ́ níléèwé girama ti ń sanwó iléèwé ọmọ tiẹ̀. Nítorí náà tí ẹ bá rí The Shadow Speaker tí wọ́n kọ 2023 sí, kì í ṣe ìwé tuntun, Like Thunder ni tuntun.

Binti wá ńkọ́? Eléyìí lówó nínú, ẹ fọkàn sí i. Binti jáde ní 2015, ìwé pẹlẹbẹ ni, irú èyí tí wọ́n ń pè ní novella, ìtàn tó gùn ju ìtàn kékeré lọ ṣùgbọ́n tí kò tó ìwé ńlá. Àwọn tó ń fún ni lámì ẹ̀yẹ Hugo àti Nebula ní kó ti tó ọ̀rọ̀ 17,500, kó má sì kọjá 40,000. Binti gba àmì ẹ̀yẹ méjèèjì yẹn ní ìsọ̀rí tiẹ̀. Home tẹ̀lé e ní 2017, The Night Masquerade ní 2018. Ní 2019 wọ́n wá kó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sínú èèpo kan, Binti: The Complete Trilogy, wọ́n tún fi ìtàn kékeré kan há a láàárín, Sacred Fire, tí kò sí nínú mẹ́ta àkọ́kọ́. Tí ẹ bá fẹ́ rà á lónìí, alápapọ̀ yẹn ni kẹ́ ẹ rà. Ẹni tó ti ra mẹ́ta lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, pẹ̀lẹ́, bí ẹ bá fẹ́ ka Sacred Fire ẹ tún máa náwó. Mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Ìtàn náà fúnra ẹ̀, ọmọ Himba ni Binti, àwọn ará Namibia tó máa ń fi amọ̀ pupa pa ara àti irun, òun ni àkọ́kọ́ nínú àwọn èèyàn ẹ̀ tó rí ààyè sí yunifásítì tó wà lórí ayé mìíràn, ó wá jí jáde nílé lóru láì sọ fún bàbá àti ìyá ẹ̀. Amọ̀ yẹn wà nínú ìkòkò kékeré kan tó gbé dání. Ẹ máa ṣọ́ ìkòkò yẹn, ohun tó máa ṣe nínú ọkọ̀ òfúrufú, ìbọn ò lè ṣe é.

Ó kan ọ̀kan tí àwọn èèyàn ń bi mí jù báyìí, ìyẹn ìtàn Najeeba. Ẹ jẹ́ kí n rọra ṣe é. Ní 2010, Who Fears Death jáde, Sudan ọjọ́ iwájú, lẹ́yìn ìgbà tí ayé ti bàjẹ́, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Onyesonwu, tí orúkọ ẹ̀ ní èdè Igbo túmọ̀ sí "ta ló ń bẹ̀rù ikú". Ìwé yẹn gba World Fantasy Award ní 2011. Lọ́dún 2015 ó kọ The Book of Phoenix, ìyẹn ṣẹlẹ̀ ṣáájú, ó sọ bí ayé yẹn ṣe bàjẹ́. Gbogbo èèyàn rò pé ó parí síbẹ̀. Àfi bó ṣe di 2024 tí She Who Knows jáde, ìwé pẹlẹbẹ, ó padà lọ sórí Najeeba, ìyá Onyesonwu, nígbà tó ṣì wà lọ́mọdé nílé bàbá ẹ̀ tó ń ta iyọ̀. One Way Witch tẹ̀lé e ní 2025, Najeeba kan náà, ṣùgbọ́n lẹ́yìn tí gbogbo ohun tó wà nínú Who Fears Death ti ṣẹlẹ̀ tán. Ìkẹta tó máa kásẹ̀ ẹ̀ ńlẹ̀ ni The Daughter Who Remains, 2026 ni wọ́n kọ ọ́ sí.

Ṣé ẹ rí i pé bí wọ́n ṣe jáde kọ́ ni ìtàn ṣe tò? Tí ẹ bá fẹ́ tẹ̀lé bí nǹkan ṣe ṣẹlẹ̀ láyé wọn, The Book of Phoenix ló ṣáájú, She Who Knows, kí Who Fears Death tó dé, lẹ́yìn náà One Way Witch àti The Daughter Who Remains. Ṣùgbọ́n ẹ má kà á bẹ́ẹ̀ o, ẹ jọ̀ọ́. Ẹ ka Who Fears Death ná. Bí ìgbà tí ẹ ti mọ ọmọ kan tipẹ́, ẹ mọ bó ṣe máa ń gbójú síni, ẹ mọ̀ pé agídí ẹ̀ pọ̀, kí àgbà kan nínú ẹbí tó wá pè yín jókòó pé ẹ jẹ́ kí n sọ bí ìyá ẹ̀ ṣe rí nígbà tó wà lọ́mọge. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ sọ ti ìyá, kò ní dùn tó bẹ́ẹ̀, torí ẹ ò tíì mọ ẹni tó máa bí. Àwọn tó ń sọ pé kéèyàn bẹ̀rẹ̀ láti She Who Knows torí pé òun ló kéré jù, èmi ò bá wọn lọ.

Láàárín gbogbo èyí ni Death of the Author jáde, oṣù kìíní 2025. Ẹni tó bá kàn rí àkọlé yẹn lórí fóònù láì ka ìsàlẹ̀, jìnnìjìnnì á mú un, á ní obìnrin yìí ti kú ni. Kò kú. Àkọlé yẹn, ó ya á lára ọ̀rọ̀ kan tí ará Faransé kan, Roland Barthes, kọ ní 1967, pé tí ìwé bá ti jáde, ẹni tó kọ ọ́ ti kúrò níbẹ̀, òǹkàwé ló ni ìtumọ̀. Okorafor wá gbé ọ̀rọ̀ yẹn, ó yí i lórí. Zelu lorúkọ ọmọbìnrin tó wà nínú ìwé náà, Chicago ló ń gbé, orí àga onítáyà ló wà torí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé láti kékeré, bàbá ẹ̀ jẹ́ Igbo, ìyá ẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Yorùbá, ẹbí wọn pọ̀ bí ọjà, gbogbo wọn ló sì ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ sí ayé ẹ̀. Iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ìwé tó kọ, wọn ò gbà á, ni inú bá bí i tó jókòó kọ ìtàn àwọn róbọ́ọ̀tì tó ń gbé ayé lẹ́yìn tí ọmọ èèyàn ti tán. Ìtàn yẹn ló sọ ọ́ di olówó. Ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ fi sọ́kàn, ẹ ti rí ibi tó bọ́ sí báyìí.

Ibi tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé ìwé róbọ́ọ̀tì tí Zelu kọ, Rusted Robots, wà nínú ìwé náà gan-an, ojú ewé díẹ̀ ti Zelu, ojú ewé díẹ̀ ti róbọ́ọ̀tì, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ. Ẹ má wá Rusted Robots lọ́jà, kò sí ìwé tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí àtẹ. Tí ẹ bá ra Death of the Author, ẹ ti rà á.

Ohun kan tún wà nínú ìwé yìí tó dùn mọ́ mi. Wọ́n ra ìtàn Zelu láti fi ṣe fíìmù, fíìmù yẹn jáde, ó pawó, ṣùgbọ́n wọ́n ti fọ gbogbo ohun tó jẹ́ Nàìjíríà kúrò lára ẹ̀, orúkọ àwọn róbọ́ọ̀tì pàápàá wọ́n ti sọ ọ́ di ti Amẹ́ríkà. Zelu jókòó, ó ń wo ohun tó kọ, kò sì dá a mọ̀. Tí ẹ bá mọ iye ọdún tí obìnrin tó kọ ìwé yìí ti fi ń bá àwọn onífíìmù sọ̀rọ̀, ẹ máa rẹ́rìn-ín díẹ̀ níbẹ̀, lẹ́yìn náà ẹ ò ní rẹ́rìn-ín mọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá dé ìdí fíìmù náà. Oṣù keje 2017 ni ìròyìn jáde pé HBO ń ṣiṣẹ́ lórí Who Fears Death, pé George R.R. Martin, ẹni tó kọ ìwé tí wọ́n fi ṣe Game of Thrones, wà lára àwọn tó máa ṣe é. Ariwo ta! 2019, wọ́n ní Amazon ń ṣe Wild Seed, Okorafor àti Wanuri Kahiu ọmọ Kenya ni wọ́n jọ ń kọ eré ẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ 2020, wọ́n ní Hulu ń ṣe Binti, òun àti Stacy Osei-Kuffour. 2021, wọ́n tún ní Tessa Thompson, òṣèré Amẹ́ríkà, ti dara pọ̀ mọ́ ti Who Fears Death, ìyẹn ni àwọn èèyàn ṣe tún bẹ̀rẹ̀ sí í pín in kiri bí ìròyìn tuntun, ohun kan náà ni. Títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí, kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ẹ lè jókòó sídìí tẹlifíṣọ̀n kẹ́ ẹ wò.

Ṣé irọ́ ni wọ́n pa ni? Rárá. Ẹ rántí ọ̀rọ̀ púlọ́ọ̀tì. Fíìmù náà ní púlọ́ọ̀tì tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹni tó fẹ́ ṣe fíìmù kì í sábà ra ilẹ̀ yẹn tán lójú ẹsẹ̀, torí kò tíì mọ̀ bóyá òun á rówó kọ́lé sí i. Ohun tó máa ń ṣe ni pé ó máa fún òǹkọ̀wé ní owó díẹ̀ láti fi di ilẹ̀ yẹn mú, kó má tà á fún ẹlòmíràn, fún ọdún kan, ọdún kan ààbọ̀. Owó ìdílẹ̀mú yẹn ni wọ́n ń pè ní ọ́pṣọ̀n. Láàárín àsìkò yẹn ló máa wá olówó, wá ẹni tó máa kọ eré, wá dàrẹ́kítọ̀, wá ilé iṣẹ́ tó máa gbé e sáfẹ́fẹ́. Tí gbogbo ẹ̀ bá bọ́ sí i, ó máa wá san owó ilẹ̀ gidi. Tí kò bá bọ́ sí i, ó lè tún san díẹ̀ kí àsìkò gùn sí i, tàbí kó jẹ́ kó lọ, ilẹ̀ á padà sọ́wọ́ olówó ẹ̀, owó tí òǹkọ̀wé sì ti gbà, ó ti gbà á nìyẹn. Ẹ lè rí ìwé tí wọ́n á dì mú báyìí fún ọdún mẹ́wàá, láti ọwọ́ ẹni kan dé ọwọ́ ẹlòmíì, tí kámẹ́rà kankan ò sì ní tàn.

Ọ̀rọ̀ kejì tó ń tan èèyàn jẹ ni "in development". Ohun tí ẹ gbọ́ ni pé wọ́n ti ń ṣe é. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹnì kan jókòó níbì kan, ó ń kọ eré náà. Wọ́n á kà á, wọ́n á ní kó tún un kọ, wọ́n á gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ fún ẹlòmíràn, ẹni yẹn náà á bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n á ṣírò iye tó máa náni láti kọ́ ìlú ọjọ́ iwájú nínú aṣálẹ̀, orí á máa fọ́ wọn, ọ̀gá tó fẹ́ràn ìwé náà nílé iṣẹ́ á kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá tuntun á dé, á ní kí lẹ ń pe èyí. Ibi tí èyí tó pọ̀ jù ń kú sí nìyẹn, láì sí ìkéde, torí ta ló máa pe àwọn oníròyìn jọ láti sọ pé òun ò ṣe é mọ́? Ìkéde máa ń wà fún ìbẹ̀rẹ̀, kì í sábà sí fún òpin. Ìdí nìyẹn tí ìròyìn 2017 ṣe ṣì ń rìn kiri títí dòní bí ẹni tí ò mọ̀ pé ilẹ̀ ti ṣú.

Àmì tí èmi máa ń wò nìyí: tí wọ́n bá ti dárúkọ ọmọbìnrin tó máa ṣe Onyesonwu, tí wọ́n sọ ìlú tí wọ́n ti ń ya á, ìgbà yẹn ni mo lè ra gúgúrú sílẹ̀. Tó bá jẹ́ pé orúkọ àwọn ọ̀gá nìkan ni wọ́n kọ, mo máa bá iṣẹ́ mi lọ.

Ẹ tún kíyè sí Wild Seed yẹn. Ìwé Okorafor kọ́. Octavia Butler ló kọ ọ́ ní 1980, Okorafor wà lára àwọn tó ń sọ ọ́ di eré ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Marvel, àwọn tó ni kọ́míìkì Black Panther. Láàárín 2017 sí 2019 ó kọ Black Panther: Long Live the King, ó kọ Wakanda Forever, ó kọ Shuri, iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀ ni o, ṣùgbọ́n Wakanda kì í ṣe ilẹ̀ bàbá ẹ̀, alágbàṣe ló jẹ́ níbẹ̀, kò lè pàṣẹ pé kí Shuri wá sí fíìmù tàbí kó má wá. Kọ́míìkì tó jẹ́ tiẹ̀ gan-an ni LaGuardia, òun àti Tana Ford tó ya àwòrán ẹ̀, dókítà ọmọ Nàìjíríà kan tó lóyún ló gbé ewéko tó ń sọ̀rọ̀ gba pápákọ̀ òfúrufú wọ New York láì jẹ́ kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù rí i. Ó gba Hugo àti Eisner, àmì ẹ̀yẹ àwọn oníkọ́míìkì, ní 2020. Àwọn méjèèjì tún ṣe The Space Cat ní 2025, ti àwọn ọmọdé, ológbò kan tó ń jẹ́ Periwinkle tó ń fò lọ sójú òfúrufú lóru tí àwọn olówó ẹ̀ bá ti sùn, wọ́n wá kó lọ sí Nàìjíríà. Periwinkle yẹn, ológbò tiẹ̀ nílé ló sọ ọ́ lórúkọ.

Tí ẹnì kan bá wá ní gbogbo àlàyé yìí ti pọ̀, pé fíìmù lòun ṣáà fẹ́ wò, ó wà, ọ̀kan wà. Kì í ṣe HBO ló ṣe é, kì í ṣe Hulu, C.J. Obasi ọmọ Nàìjíríà ló ṣe é, ó jáde ní 2018, Hello, Rain lorúkọ ẹ̀. Ìtàn kékeré Okorafor kan ló yà á, Hello, Moto, látọdún 2011. Obìnrin mẹ́ta ni, ọ̀kan nínú wọn, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó tún jẹ́ àjẹ́, fi ẹ̀rọ àti oògùn ṣe wíìgì mẹ́ta, wíìgì gidi o, irú èyí tí ẹ ń dé lọ sóde, tẹ́ ẹ bá dé e agbára á wọ̀ yín. Ohun tó fẹ́ fi ṣe dáadáa, àwọn méjì tó kù fi ń mu ẹ̀mí èèyàn, ó wá di dandan kó gba wíìgì lórí ọ̀rẹ́ ẹ̀. Bíi ìdajì wákàtí ni gbogbo ẹ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ olówó ńlá ṣì ń ṣírò owó tó máa ná wọn láti kọ́ ìlú sínú aṣálẹ̀, ẹni tó ní wíìgì mẹ́ta àti ọgbọ́n orí ti ya tiẹ̀ tán.

Ẹni tó bá sì ní ìwé lòun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú, tó lọ́mọ nílé, kó má ra ti Sunny lọ́jà. Mo ní méjì, kó wá mú ọ̀kan.